Bẹntiróòlù Kì Í Ṣe Ọṣẹ

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí lè kéré lójú ẹni tí kò fọ inú ọkọ̀ rí. Ọ̀rọ̀ ohun tí a fi ń fọ kápẹ́ẹ̀tì àti ìjókòó ọkọ̀ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ̀ bá padà dé lálẹ́, tí epo pupa ti dà sórí ìjókòó, tí ọmọ ọwọ́ ti bì sórí tìmùtìmù, tí gírísì ti lẹ̀ mọ́ kápẹ́ẹ̀tì, ta ni yóò fọ̀ ọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́? Awakọ̀ ni, kọ̀ndọ́ ni, ọmọ iṣẹ́ inú gáráàjì ni. Kí ni wọ́n sì ń gbé lé wọn lọ́wọ́? Lọ́pọ̀ ìgbà, àkísà kan àti bẹntiróòlù nínú ìgò ni. Èrò tiwa ni pé irinṣẹ́ ni ohun ìfọkọ̀, gẹ́gẹ́ bí sípánà àti jáàkì ti jẹ́ irinṣẹ́. Ẹni tó ni ọkọ̀ ló yẹ kó rà á. Ẹni tó ń lò ó ló yẹ kó mọ̀ ọ́n lò. Kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ohun tí yóò pa á.

Kò yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ṣòro láti yé ẹnikẹ́ni ní Pópó Àgùdà. Àdúgbò oníṣẹ́ ọwọ́ ni àdúgbò wa, láti Campos Square títí dé Igbóṣẹ́rẹ́ àti Òpópó Bámgbóṣé. Bíríkìlà, káfíńtà àti télọ̀ pọ̀ nínú àwọn tó ti Bùràsíìlì padà wálé ní ọ̀rúndún 19 tí wọ́n fìdí kalẹ̀ síbí. Ọmọ Àgùdà kan, João Baptista da Costa, ni ọ̀gá nínú iṣẹ́ Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894. Oníṣẹ́ ọwọ́ gidi kì í fi ayùn gbá ìṣó. Bẹntiróòlù wà fún ẹ́ńjìnnì. Kò wà fún ìjókòó.

A mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọn yóò ní òun ni àwọn ọ̀gá wa lò kí a tó dé ìdí iṣẹ́, pé ó ń ká gírísì kíá, ó sì ń tètè gbẹ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ìdí tó fi ń tètè gbẹ: ó ń di afẹ́fẹ́ ni. Afẹ́fẹ́ bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ tí à ń mí lọ, nítorí náà ilẹ̀ ló ń wá. Yóò rọra wọ abẹ́ ìjókòó, yóò sì dúró síbẹ̀ de ẹni tí yóò ṣáná sí sìgá, tàbí wáyà bàtìrì tí yóò ta iná pàrà. Fóòmù inú ìjókòó a tún máa fa bẹntiróòlù náà mu, kì í sì í tú u sílẹ̀ bọ̀rọ̀. Òkè ti gbẹ, inú kò gbẹ. Èrò tó jókòó lé e lọ́jọ́ kejì kò mọ ohun tí òun jókòó lé.

Bí kò tilẹ̀ gbiná, ó ń ba ara jẹ́. Benzene wà nínú bẹntiróòlù, àwọn onímọ̀ ìṣègùn sì ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé benzene ń fa jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀. Láti 1971 ni ILO, àjọ òṣìṣẹ́ àgbáyé, ti ṣe Àdéhùn 136 lórí rẹ̀, tó ní kí àwọn orílẹ̀-èdè tó bá fọwọ́ sí i má ṣe jẹ́ kí wọ́n máa fi í yọ́ nǹkan tàbí là á níbi iṣẹ́, àfi nínú ẹ̀rọ tí a dé pa tàbí lọ́nà mìíràn tí kò ní ewu. Ọmọ iṣẹ́ tó ń fi bẹntiróòlù nu ìjókòó nínú ọkọ̀ tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì, òun fúnra rẹ̀ ni wọ́n dé mọ́ inú ẹ̀rọ.

Ẹni tó ni ọkọ̀ pàápàá kò jèrè. Bẹntiróòlù àti tínà máa ń fa ohun tó ń mú rẹ́sìn rọ̀ kúrò lára rẹ̀. Rẹ́sìn náà á le, á sì máa sán. Wọ́n tún máa ń tú gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn kápẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó ń ṣọ́ owó ọṣẹ ná yóò ná owó ìjókòó tuntun. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Kí wá ni ká lò? Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí wọ́n fi rán ìjókòó. Bó bá jẹ́ rẹ́sìn, omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ọṣẹ ìfọṣọ díẹ̀ àti àkísà rírọ̀ ti tó. Bó bá jẹ́ aṣọ, ẹ po ọṣẹ pọ̀ mọ́ omi títí yóò fi hó dáadáa, kí ẹ fi ìhó rẹ̀ nìkan fọ̀ ọ́, kí omi má baà mu fóòmù yó. Bó bá jẹ́ awọ gidi, ọṣẹ tí wọ́n ṣe fún awọ ni kí ẹ lò. Ọṣẹ dúdú wa dára fún ara, ṣùgbọ́n eérú inú rẹ̀ le jù fún awọ ìjókòó. Ní ti kápẹ́ẹ̀tì, ẹ gbọn iyanrìn rẹ̀ dànù kí omi tó kàn án, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹrẹ̀ ni ẹ óò máa fi búrọ́ọ̀ṣì rò. Èyíkéyìí tí ẹ bá fẹ́ lò, ẹ kọ́kọ́ dán an wò níbi tí ojú kò tó. Ẹ má sì tẹ̀lé orúkọ lásán. Gbogbo ọṣẹ ẹlẹ́bu ni à ń pè ní Omo, bẹ́ẹ̀ ní oṣù kẹta 2023 ni Unilever ti kéde pé òun ń fi ṣíṣe Omo sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn ọ̀rá ni kí ẹ kà.

Àbàwọ́n kò rí bákan náà. Ti epo pupa àti gírísì, ẹ fi ṣíbí ha èyí tó ki kúrò, ẹ bu pọ́dà lé e kó fa epo mu, ẹ gbọ̀n ọ́n dànù, kí ẹ tó lo ọṣẹ. Ọṣẹ ní apá tó ń di epo mú, ó sì ní apá tó ń di omi mú. Bó ṣe ń wọ́ epo jáde nìyẹn, láìsí bẹntiróòlù kankan. Ti ẹ̀jẹ̀, wàrà àti èébì, omi tútù ni, nítorí omi gbígbóná yóò sè wọ́n mọ́ aṣọ bí ẹyin ti í dì nínú ìkòkò. Ẹ máa ti etí àbàwọ́n tẹ̀ ẹ́ wá sí àárín, kó má baà ràn. Ẹ má sì jẹ́ kí ọṣẹ pọ̀ jù: èyí tó bá kù sínú aṣọ ni ìdọ̀tí ọ̀la yóò lẹ̀ mọ́.

Omi náà tó ọ̀rọ̀ sọ ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Àwọn àgbà mọ Ilé Omi ti ìdílé da Rocha ní Òpópó Kakawá, tí àwọn ará Èkó ti máa ń ra omi kànga rẹ̀. Wọ́n ń ra omi nítorí pé kì í ṣe gbogbo kànga ní erékùṣù tí ọ̀sà yí ká ló dùn. Omi oníyọ̀ kì í jẹ́ kí ọṣẹ hó, ó sì máa ń jẹ irin. Omi tó dùn ni kí ẹ fi ṣan ìjókòó, kí ẹ sì lò ó níwọ̀nba. Omi tó bá jókòó sábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì yóò mú kí ilẹ̀ ọkọ̀ dógùn-ún, yóò mú kí fóòmù bu kó sì máa rùn. Nínú ọkọ̀ tòkunbọ̀ òde òní, wáyà wà lábẹ́ ìjókòó. Ẹ má da omi gbà á. Ẹ ṣí gbogbo ilẹ̀kùn sílẹ̀ nínú oòrùn, ẹ sì gbé kápẹ́ẹ̀tì sókè. Lásìkò òjò, ẹ má fọ ohun tí kò ní ráyè gbẹ.

Ohun kan tún wà tó ń pani. Ẹ má ṣe da jíìkì tàbí hàípò pọ̀ mọ́ ohun ìfọṣáláńgá tàbí fínígà, nínú ìrònú pé méjì yóò mọ́ ju ọ̀kan lọ. Afẹ́fẹ́ olóró ni yóò jáde, inú ọkọ̀ kò sì fẹ̀ tó ibi tí èèyàn yóò ti sá fún un. Ẹni tí kò lè kàwé, kí ó wo àwòrán: ní 2003 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé ìlànà jáde fún àwọn àmì onígun mẹ́rin tí etí wọn pupa. Ọwọ́ iná túmọ̀ sí pé ó ń gbiná. Agbárí òkú túmọ̀ sí májèlé. Ọwọ́ tí nǹkan ń jẹ túmọ̀ sí pé ó ń jó ara. Èyí tí wọ́n bá sì rọ sínú ìgò omi mímu láìkọ nǹkan kan sí i, ẹ dá a padà. Ọmọdé tí òùngbẹ ń gbẹ kò ní béèrè kó tó gbé e mu.

Ta ni yóò wá sanwó? Àwọn ọlọ́kọ̀ kan wà tó ń yọ owó àbàwọ́n kúrò nínú owó òòjọ́ ọmọ iṣẹ́, wọn kò sì ra ọṣẹ kankan. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Factories Act ilẹ̀ wa sọ pé níbi tí iṣẹ́ ilé iṣẹ́ bá ti ń mú òṣìṣẹ́ kan ohun tó lè pa á lára, agbanisíṣẹ́ ni yóò pèsè aṣọ ààbò, títí kan ìbọ̀wọ́ àti bàtà tó yẹ. Òfin Ẹ̀san Òṣìṣẹ́ ti 2010 sì fún ẹni tó bá farapa tàbí tó kó àrùn lẹ́nu iṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ sí owó ìtanràn. Ẹ jẹ́ kí agbanisíṣẹ́ gbọ́ láàárín ọjọ́ 14. Kọ̀ndọ́ tí kò ní ìwé ìgbàsíṣẹ́ kò rí ẹni tí yóò fi ẹjọ́ sùn bọ̀rọ̀, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹgbẹ́ bá ọlọ́kọ̀ rẹ̀ jókòó kí nǹkan tó ṣẹlẹ̀.

Ohun mẹ́ta ni a ń béèrè: kí ọṣẹ, búrọ́ọ̀ṣì àti ìbọ̀wọ́ rọ́bà wà nínú gbogbo gáráàjì láti ọwọ́ ọlọ́kọ̀, kí a má yọ owó àbàwọ́n kúrò nínú owó iṣẹ́ ẹnikẹ́ni, kí a fi àkókò fífọ ọkọ̀ kún àkókò iṣẹ́. Títí di ọjọ́ tí wọn yóò gbà, bí ọ̀gá bá na ìgò bẹntiróòlù sí yín pé kí ẹ fi fọ ìjókòó, ẹ fi ọ̀wọ̀ dá a lóhùn pé inú táǹkì ni àyè rẹ̀. Bí ó bá fi ìyẹn lé yín lẹ́nu iṣẹ́, ẹ wá bá wa ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní tẹnì kan nìyẹn.