Yìnyín Kì Í Ṣe Funfun Nìkan

Tí wọ́n bá ní ká ya àwòrán ìgbà òtútù, ohun kan náà ni gbogbo wa máa ń yà: òkè gíga, ilé kékeré tí èéfín ń jáde lórí ẹ̀, àti yìnyín funfun báláú. Ṣùgbọ́n kò sí òkè ní Garland! Èrò tèmi ni pé ká ya yìnyín tí ojú wa rí.

Èyí tí èmi rí ni ti oṣù Kejì ọdún 2021. Ọmọ ọdún 6 ni mí nígbà yẹn. Iná lọ ní ilé àti ibi iṣẹ́ tó lé ní mílíọ̀nù 4 ní Texas, àwọn tó kú sì lé ní 200. Kóòtù la wọ̀ sùn. Dádì kọ́kọ́ wa mọ́tò jáde kúrò ní gáréèjì, torí èéfín ẹ̀ lè pa èèyàn, kí wọ́n tó jẹ́ ká wọnú ẹ̀ láti rí ooru. Iná kékeré inú mọ́tò nìkan ló ń tàn níwájú ilé wa.

Ohun tí mo ń fi ọ̀dà olóróró yà báyìí nìyẹn. Tó o bá fi funfun nìkan kun yìnyín, á dà bí ìwé tí ẹnikẹ́ni ò tíì kọ nǹkan sí. Òjìji orí yìnyín jọ aró tí wọ́n bomi là. Claude Monet, ará Faransé, kun tiẹ̀ bẹ́ẹ̀ nínú àwòrán The Magpie. Àwọn adájọ́ ìpàtẹ ńlá Paris kọ̀ ọ́ ní 1869. Lónìí, ó wà ní Musée d'Orsay.

Tíṣà ní kí n fi yẹ́lò sí fèrèsé ilé wa, kó lè gbé búlúù yọ. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kò síná níbẹ̀ lọ́jọ́ náà." Mọ́mì ní tiwọn sọ pé, "Ṣé ìyà yẹn lo fẹ́ gbé kọ́ sára ògiri mi?" Mo mọ̀ pé kò rọrùn fún wọn. Ṣùgbọ́n tí mo bá tan iná sí fèrèsé, irọ́ ni mo pa, a ó sì gbàgbé ohun tí Dádì ṣe.

Yẹ́lò tí tíṣà fẹ́, inú mọ́tò ni mo fi sí. Ọ̀dà olóróró kì í tètè gbẹ, torí náà Mọ́mì ṣì láyè láti ronú ibi tá a máa gbé e kọ́.

Ẹ̀yin ńkọ́, yìnyín wo lẹ rí? Ẹ yà á bó ṣe rí.