Irin inú òpó ilé wa: iná ló mú un le, iná náà ló lè bà á jẹ́

Nígbà tí ilé alájà 21 wó lulẹ̀ ní ojú ọ̀nà Gerrard, n'Íkòyí, l'Ékòó, lọ́jọ́ kìn-ín-ní, oṣù kọkànlá, ọdún 2021, tó sì pa èèyàn tó lé ní ogójì, oríṣiiríṣii ọ̀rọ̀ la gbọ́. Àwọn kan ní àjà rẹ̀ ti pọ̀ ju iye tí ìjọba fọwọ́ sí lọ, àwọn mìíràn ní àwọn tó kọ́ ọ kò mọ iṣẹ́. A kò sọ pé irin ló wó ilé náà o. Ohun tí à ń wí ni pé nígbàkigbà tí ilé bá wó nílẹ̀ yìí, sìmẹ́ńtì àti yanrìn la kọ́kọ́ máa ń bú, ìwọ̀nba èèyàn ló sì ń béèrè pé irú irin wo ló wà nínú òpó, àti pé báwo ni wọ́n ṣe fi iná ṣe é.

Àwọn alágbẹ̀dẹ ayé àtijọ́ mọ ìdí tí ìbéèrè yìí fi ṣe kókó. Bí ẹwìrì bá fẹ́ iná títí tí àdá fi pọ́n bí ẹyin iná, alágbẹ̀dẹ yóò tì í bọ omi lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnu àdá yóò le, ṣùgbọ́n bó bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tó bá kan òkúta ni yóò kán bí àpáàdì. Ìdí nìyí tí yóò fi dá a padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, kó yáná díẹ̀, kí líle náà lè rọ̀ níwọ̀n. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú irin ni pé bó bá ti gbóná kọjá nǹkan bíi digírì 727 Celsius, kábọ̀n inú rẹ̀ á yòrò káàkiri. Bí omi bá mú un tutù lójijì, kábọ̀n kò ní ráyè jáde, yóò há síbẹ̀. Híhá yìí ló ń mú irin le, òun náà ló sì ń mú un ṣẹ́.

Ọ̀nà kan náà ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe irin ìkọ́lé lóde òní ń gbà, àfi pé tiwọn yá ju ti alágbẹ̀dẹ lọ. Bí irin bá ti ń jáde láàárín àwọn rólà, tó ṣì gbóná tó nǹkan bíi digírì 900, wọ́n á fi omi alágbára lù ú fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá. Èèpo rẹ̀ á tutù, á le, nígbà tí àárín rẹ̀ ṣì ń pọ́n. Bó bá kúrò lábẹ́ omi, ooru inú á máa jáde bọ̀ wá sára, òun ni yóò yá èèpo náà. Irin tó le lẹ́yìn, tí inú rẹ̀ sì rọ̀, ni wọn yóò rí: ó lè tẹ̀ kó má kán. Ṣùgbọ́n bí omi kò bá tó, èèpo líle náà kò ní nípọn. Bó bá sì pọ̀ jù, irin á le kọjá ààlà. Àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn kì í lo omi rárá, kábọ̀n púpọ̀ ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé, irú irin bẹ́ẹ̀ kì í sì fẹ́ẹ́ tẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká tún rántí pé àlòkù irin tí àwọn ọmọ ń ṣà kiri ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń yọ́. Ìléru tó ń fi iná mànàmáná yọ́ ọ kì í fọ imí-ọjọ́ àti bàbà kúrò nínú rẹ̀. Ká ní Àjàòkúta, tí wọ́n ti ń náwó lé lórí láti ìparí àwọn ọdún 1970, ti ń yọ irin láti inú òkúta ni, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀.

Bí irin tilẹ̀ dára dé ibi iṣẹ́, ọwọ́ wa ṣì lè bà á jẹ́. Àwọn kan ń fi iná yan irin kí ó lè rọrùn láti tẹ̀. Àwọn kan ń jó o pọ̀ lọ́dọ̀ wẹ́dà. Àwọn mìíràn sì ń na irin tí wọ́n yọ nínú ilé tó jóná, wọ́n á tún fi kọ́ òmíràn. Irin tó bá wà nínú iná tó gbóná tó digírì 600 máa ń pàdánù nǹkan bí ìdajì agbára rẹ̀ nígbà tí iná bá ń jó o. Bó bá sì tutù, èèpo líle tí omi fún un kò ní padà sí bó ṣe wà.

Ìpẹtà ló wá kù. Kọnkéré tó ki dáadáa ń dáàbò bo irin, ṣùgbọ́n iyọ̀ inú omi òkun àti yanrìn etí òkun ń tú ààbò náà ká. Èyí kan àwọn tó ń kọ́lé sí Lẹ́kkí àti Victoria Island gidigidi. Ibi tí wọ́n bá ti yan irin níná tàbí tí wẹ́dà ti jó o kò rí bákan náà mọ́ pẹ̀lú ìyókù ara rẹ̀. Bí omi iyọ̀ bá kàn án, apá méjèèjì á máa ṣiṣẹ́ bí ẹsẹ̀ bátìrì méjì, ọ̀kan á sì máa jẹ run.  Ìpẹtà sì máa ń wú ju irin tó jẹ lọ, ó lè tó ìlọ́po méjì sí mẹ́fà. Kọnkéré á sán láti inú wá, onílé á sì pe masin pé kó wá fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ojú ẹ̀ nígbà tí irin ti ń tán lọ nínú òpó.

Àjọ SON ti pàṣẹ kí ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tẹ àmì tirẹ̀ sára irin. Ó dára, ṣùgbọ́n àmì kò sọ bí omi ṣe tó lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é. Ìjọba Èkó ní ilé àyẹ̀wò ohun èlò ìkọ́lé. Kí ó má ṣe dúró dìgbà tílé bá wó kó tó ṣà irin níbẹ̀. Inú ọkọ̀ tó ń kó o bọ̀ ni kó ti máa mú un. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́lé, ẹ ní kí ẹ́ńjíníà yín gé irin kan, kó dán orí rẹ̀, kó sì fi ásíìdì pa á. Bí wọ́n bá fi omi ṣe é bó ṣe yẹ, òrùka dúdú yóò yọ yí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ká, àárín á sì funfun díẹ̀. Àyẹ̀wò náà kì í gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ.