Orúkọ Tí A Kọ Sínú Ìwé Gbèsè: Ẹ̀rí Ni Níwájú Ọlọ́hun

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí orúkọ ẹ̀dá kankan kì í rújú mọ́ lójú. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábé rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lè dàbí ọ̀rọ̀ akọ̀wé bánkì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni. Ó jẹ mọ́ orúkọ tí a ń kọ sílẹ̀ nígbà tí a bá fi ohun ìní wa dógò láti gba owó tàbí ọjà àwìn. Ẹni tí ó gba gbèsè ni ó jẹ ní iṣẹ́ láti rí i pé orúkọ òun pé, ó sì tọ́, nínú ìwé náà. Bí ó bá fi í sílẹ̀ fún akọ̀wé láti kọ ọ́ bí ó ti wù ú, ó ti da apá kan àmánà nù.

Àyà 282 nínú Súrátul-Baqarah ni ó gùn jùlọ nínú Àlùkùránì, ọ̀rọ̀ gbèsè sì ni ó dá lé lórí. Ọlọ́hun pa á láṣẹ níbẹ̀ pé kí a kọ gbèsè tí a dá àkókò fún sílẹ̀, kí akọ̀wé ṣe déédéé, kí ẹlẹ́rìí sì wà. Ẹ kíyè sí i pé ẹni tí ó jẹ gbèsè ni Ó ní kí ó pe ohun tí akọ̀wé yóò kọ, kì í ṣe olówó. Ẹnu ara rẹ̀ ni ó fi ń jẹ́wọ́. Báwo wá ni ènìyàn yóò ṣe fi orúkọ tí a kò lè fi dá a mọ̀ jẹ́wọ́ gbèsè? Àyà tí ó tẹ̀lé e sọ̀rọ̀ nípa ohun ìdógò. Ànábì fúnra rẹ̀ fi ẹ̀wù irin rẹ̀ dógò lọ́dọ̀ Yẹhúdí kan ní Mẹ̀dínà nítorí ọkà báálì. Ẹ̀wù náà ṣì wà ní ìdógò nígbà tí ó fi ayé sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìyá wa Áíṣà ti gbà á wá. Nítorí náà, fífi nǹkan dógò kì í ṣe ìtìjú.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́ o: èlé kò di ẹ̀tọ́ nítorí pé orúkọ pé nínú ìwé. Ṣùgbọ́n àwọn bánkì tí kì í gba èlé náà, bíi Jaiz tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2012, TAJ ní 2019 àti Lotus ní 2021, ń gba ohun ìdógò, wọ́n sì ń béèrè orúkọ.

Láyé àtijọ́, ilẹ̀ àti ilé ni bánkì ń fẹ́ fi ṣe ìdógò, mélòó nínú àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ni ó sì ní wọn? Ní 2017, ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin tí ó fàyè gba kí ènìyàn fi ọkọ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹ̀rọ amúnáwá, ọjà inú ṣọ́ọ̀bù tàbí irè oko dógò, kí ó sì máa lò ó lọ. Ibi tí wọ́n ń kọ irú ìdógò bẹ́ẹ̀ sí ni National Collateral Registry, lábẹ́ Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà. Olówó lè yẹ ibẹ̀ wò kí ó tó yáni lówó. Ẹni tí ó kọ́kọ́ forúkọ ìdógò sílẹ̀ ni ó sì sábà máa ń ní ẹ̀tọ́ iwájú. Wọ́n ń fi nọ́ńbà ìdánimọ̀, bíi BVN tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2014, wá ẹni. Àwọn kan ní nọ́ńbà ti parí ìjà orúkọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Orúkọ ni a so nọ́ńbà mọ́. Bí orúkọ inú BVN, ti NIN àti ti ìwé àdéhùn bá takora, iyèméjì dé nìyẹn. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àti àwọn tí ń ta ọjà láwìn ládùúgbò wa kò sì ní nọ́ńbà kankan; orúkọ nìkan ni wọ́n kọ sí ìwé wọn.

Àwa Mùsùlùmí ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Ahọ́n àwọn baba wa ni ó sọ Abdul-Azeez di Lásísì, tí ó sọ Abdul-Hameed di Làmídì, Uthman di Súnmọ́nù, Ibrahim di Bùráímọ̀. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀dọ́kùnrin kan tí ń mọ búlọ́ọ̀kù ní Ìtamàga: Ràṣídì ni ìyá rẹ̀ ń pè é, Rasheed ni ó wà nínú ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, Abdul-Rasheed ni ti ilé kéwú, Abdur-Rashid ni bánkì kọ. Nígbà mìíràn akọ̀wé á gé orúkọ náà sí méjì, á fi «Abdul» ṣe orúkọ àkọ́kọ́. Ẹni tí ó bá gbọ́ Lárúbáwá mọ̀ pé «ẹrú ti» lásán ni ìyẹn. Orúkọ kò tíì pé.

Ìpalára wo ni ó wà níbẹ̀? Olówó kejì á wá orúkọ kan, kò ní rí gbèsè àkọ́kọ́, á tún yá a lówó lórí ẹ̀rọ kan náà. Ẹlòmíràn tí ń jẹ́ Rasheed ní òpópónà kan náà ni wọn yóò lọ dà láàmú. Èyí tí ó wúwo jù ni ti ikú: Súrátun-Nisáí, àyà 11, fi gbèsè ṣáájú ogún pípín. Bí àwọn ọmọ kò bá dá orúkọ baba wọn mọ̀ nínú ìwé gbèsè, wọn yóò pín ohun tí kì í ṣe tiwọn, ọrùn òkú ni yóò sì wà.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan. Ní ìpínlẹ̀ Kansas ní Amẹ́ríkà, àgbẹ̀ kan fi ẹ̀rọ oko méjì dógò fún iléeṣẹ́ Deere. Terrance ni orúkọ rẹ̀ gan-an, Terry ni àwọn ènìyàn ń pè é, Terry náà sì ni iléeṣẹ́ fi forúkọ sílẹ̀. Nígbà tí àgbẹ̀ náà wọko gbèsè, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dájọ́ ní 2004 pé orúkọ ìnagijẹ kò tó, Deere sì pàdánù ẹ̀tọ́ iwájú rẹ̀ lórí àwọn ẹ̀rọ náà. Bí ilé iṣẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀ bá lè jìn sí kòtò nítorí orúkọ kan, kí ni ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa?

Nítorí náà:

1. Yan ọ̀nà kan ṣoṣo láti kọ orúkọ rẹ, kí ó bá ti NIN àti BVN mu, títí dé àlàfo àti àmì àárín rẹ̀.

2. Alhaji, Alhaja, Alfa àti Ìyá Sàdíà kì í ṣe orúkọ. Má ṣe jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sí ibi orúkọ.

3. Orúkọ ara pátákó ìtajà kì í gba gbèsè. Bí ó bá jẹ́ orúkọ òwò lásán ni o forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ìwọ gan-an ni o jẹ gbèsè. Bí ó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ tí òfin kà sí ẹni ọ̀tọ̀, kọ orúkọ rẹ̀ bí ó ti wà nínú ìwé ẹ̀rí CAC àti nọ́ńbà rẹ̀.

4. Bí o bá yí orúkọ padà nítorí ìgbéyàwó tàbí nítorí pé o gba ẹ̀sìn Ìsìláámù, búra ní kóòtù, kéde rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, tún un ṣe ní NIMC àti bánkì, kí o sì sọ fún ẹni tí o jẹ ní gbèsè.

5. Kà á sókè kí o tó fọwọ́ sí i, kí àwọn ẹlẹ́rìí máa gbọ́.

Ẹni tí ó mọ̀ọ́mọ̀ tọ́jú orúkọ méjì kí ó lè jẹ gbèsè méjì, ẹ̀tàn ni ó ń ṣe. Àwa alfa náà ní ipa tiwa: ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, kí a kọ orúkọ ọmọ tuntun sórí ìwé ní ọ̀nà kan ṣoṣo, kí a fi lé bàbá àti ìyá lọ́wọ́. Orúkọ ẹni ni ìjánu ẹni.

Kí Ọlọ́hun bá wa san gbèsè wa kí ọjọ́ tó dé, kí Ó má ṣe jẹ́ kí orúkọ wa di ohun tí a fi ṣe àbòsí. Àmín. Wasalaamu alaikum.