Kì Í Ṣe Omi! Ẹ Tú Fépù Yín Wò

Gbólóhùn kan wà tí gbogbo ẹni tó ń fa fépù ti há sórí: "Omi lásán ni." Bàbá bá a lọ́wọ́ ọmọ, ọmọ ní, "Ẹ má dààmú, Dádì, omi lásán ni." Ẹnì kan fa á nínú mọ́tò, ẹni tó jókòó tì í wú ikọ́, ó ní kí wọ́n má bínú, omi lásán ni. Ní òde àríyá ní Lẹ́kí, ní ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìbàdàn, ní yàrá àwọn ọmọ wa ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, gbólóhùn kan náà ni. Irọ́ ni. Mi ò sì ní fi ìwàásù fi hàn yín pé irọ́ ni. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín kò ju pé kí ẹ tú fépù yín palẹ̀, kí ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ wo ohun tó máa jáde níbẹ̀.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín kò tú u rí láti ọjọ́ tí ẹ ti rà á. Ìgbàgbọ́ yẹn náà ló fà á. Ẹni tó gbà pé omi ló ń gba inú nǹkan kọjá, kí ló fẹ́ fọ̀ níbẹ̀?

Hon Lik, apòògùn ará Ṣáínà, ló ṣe fépù ìgbàlódé jáde ní 2003. Ohun tó ń wá ni ọ̀nà tí ẹni tí sìgá ti di bárakú fún yóò fi rí nikotíìnì gbà láì dáná sun ewé tábà. Ó rí i ṣe. Kò sí iná níbẹ̀, kò sí eérú, kò sí ọ̀dà dúdú tí sìgá ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀dọ̀fóró. Ìyẹn tó ìyìn. Àwọn ọlọ́jà ló wá fi tiwọn kún un: wọ́n rí i pé ohun tó ń jáde funfun, pé ó tètè ń pòórá, wọ́n bá sọ ọ́ di ooru omi. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa bá a. Èyí ti lé lógún ọdún báyìí, a ò gbọdọ̀ dá òótọ́ nìkan dá ìrìn náà.

Ẹ ka ara ìgò júùsì tí ẹ ń rọ sínú fépù. Nǹkan méjì ló pọ̀ jù níbẹ̀, gilisírìn àti propylene glycol. Lẹ́yìn wọn ni nikotíìnì, adùn àti ohun tó ń mú un dùn. Gilisírìn kò ṣàjèjì sí wa, òun ni àwọn ìyá wa ń pò mọ́ ìpara nígbà ọyẹ́ kí awọ má bàa ya. Ẹ kán an sí àtẹ́lẹwọ́ kan, kí ẹ kán omi sí ìkejì, ẹ ò nílò ẹni tí yóò sọ fún yín pé wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Omi ń hó tí ooru bá dé 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Propylene glycol kò ní hó títí di 188, gilisírìn di 290. Ìdí nìyẹn tí wáyà inú fépù fi sábà máa ń gbóná kọjá 200 kó tó lè tú èéfín funfun yẹn jáde. Èéfín ọ̀hún gan-an kì í ṣe ooru: ẹ̀kán júùsì wẹ́wẹ́ ni, tó kéré débi pé afẹ́fẹ́ lè gbé e.

Ẹlòmíràn á ní gilisírìn kò ṣáà pa ẹnikẹ́ni, a ń fi para, ó ń bẹ nínú oúnjẹ. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n awọ kì í ṣe ẹ̀dọ̀fóró, ikùn pẹ̀lú kì í ṣe ẹ̀dọ̀fóró. Ní 2019, àìsàn ẹ̀dọ̀fóró kan bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọn ọ̀dọ́ tó ń fa fépù ṣánlẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí ó fi di oṣù kejì 2020, ènìyàn 2,807 ti dé ilé ìwòsàn tàbí kú, àwọn tó kú jẹ́ 68. Ohun tí àwọn oníwàádìí dì mú jù ni vitamin E acetate, irú fítámìn tí ènìyàn ń gbé mì tí kì í ṣe é ní nǹkan kan, tí ó sì ń fi para. Kí n má purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni: kì í ṣe júùsì nikotíìnì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fà, òróró igbó tí wọ́n rà ní kọ̀rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí ikùn gbà láìjanpata ni ẹ̀dọ̀fóró kọ̀.

Àwa ní Nàìjíríà tiẹ̀ nídìí láti máa fura sí omi tó mọ́ gaara nínú ìgò. Ní ìparí 2008, òògùn eyín ọmọdé kan tí wọ́n ń pè ní My Pikin pa ọmọ wẹ́wẹ́ tó lé ní 80. Propylene glycol ló yẹ kó wà nínú òògùn náà. Diethylene glycol, tó jẹ́ májèlé, ló wà níbẹ̀. Àwọn méjèèjì mọ́ gaara, ojú kò lè yà wọ́n. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, nígbà tí àjọ FDA, tó ń mójú tó oúnjẹ àti òògùn ní Amẹ́ríkà, yẹ àpótí júùsì fépù mélòó kan wò, wọ́n bá diethylene glycol yìí kan náà nínú ọ̀kan. Ọ̀kan péré ni, mo gbà. Síbẹ̀, ẹni tó ń ra júùsì tí kò ní orúkọ ẹni tó pò ó lára, tó wá ń sọ fún mi pé omi ni, kí ó lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn ìyá ọmọ wọ̀nyẹn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká tú u.

Ẹ pa á, kí ẹ yọ táńkì kúrò lára bátìrì. Ẹ wọ ibọ̀wọ́ rọ́bà, nítorí nikotíìnì ń gba ara awọ wọlé: àwọn tó ń ká ewé tábà tó tutù lóko mọ òòyì àti èébì tó ń bá wọn délé lálẹ́, láìjẹ́ pé wọ́n mu ún. Ẹ lé ọmọdé jìnnà. Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọdé, nítorí júùsì díẹ̀ tí ọmọ kékeré bá gbé mì lè gbẹ̀mí rẹ̀. Omi tí a ní láti wọ ibọ̀wọ́ kí a tó fọwọ́ kàn!

Ẹ ti igi òwú tí a fi ń nu etí bọ ẹnu fépù, kí ẹ yí i. Ohun tó máa bá a jáde pupa rẹ́súrẹ́sú, ó ń lẹ̀ mọ́ ìka: júùsì tó ti dì ni, pẹ̀lú itọ́ yín, pẹ̀lú ẹ̀gbin inú àpò ṣòkòtò. Ẹ wo táńkì: júùsì tó wọlé láì ní àwọ̀ ti dà bíi tíì, nítorí nikotíìnì máa ń pọ́n bí afẹ́fẹ́ àti ìmọ́lẹ̀ bá ti ń bá a. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yọ kọ́ìlì, wáyà tó lọ́ tí òwú wà láàárín rẹ̀. Òwú tó funfun nínú páálí ti dúdú. Nǹkan kan ti sán bo wáyà bí èépá. Púpọ̀ nínú èépá yẹn ni ohun adùn tí wọ́n fi sí júùsì: sucralose kì í fò lọ pẹ̀lú èéfín, orí wáyà ló ń jókòó sí, tí ó ń jó. Bí júùsì bá ṣe dùn tó ni kọ́ìlì ń tètè bàjẹ́ tó; ẹnikẹ́ni tó bá ń fa èyí tó ní adùn máńgòrò àti kóòkì lè jẹ́rìí sí i.

Ìdí àtùpà la ti mọ èyí tó kù: òwú tó ti jóná kì í fa epo mọ́, èéfín rẹ̀ ló sì ń pọ̀ sí i. Bí òwú fépù kò bá ti fa júùsì bó ṣe yẹ, wáyà á máa gbóná lórí òwú gbígbẹ. Gilisírìn tó bá gbóná kọjá ààlà yóò já di acrolein, ohun kan náà tó ń ta ojú àti imú ẹni nígbà tí òróró bá jóná nínú agbada àkàrà. Propylene glycol ní tirẹ̀ lè já di formaldehyde, ohun tó wà nínú fọ́málìn tí wọ́n fi ń tọ́jú òkú ní mọ́ṣúárì. Àwọn méjèèjì máa ń wà nínú èéfín fépù níwọ̀nba, ṣùgbọ́n kọ́ìlì tó dọ̀tí, tí òwú rẹ̀ gbẹ, ló ń sọ wọ́n di púpọ̀. Ìgbà tí ó bá korò lójijì tí ó sì ta yín lọ́fun, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Mo ti rí àwọn tó ń gbọ̀n ọ́n tí wọ́n sì tún ń fa á sí i. Ẹ gbé e kalẹ̀, ẹ̀yin èèyàn mi!

Ó ku fífọ̀. Ẹ da júùsì tó ti pẹ́ nù síbi tí ọmọ àti ẹran ọ̀sìn kò ti ní dé. Ẹ fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ ṣan táńkì àti ẹnu rẹ̀ títí tí kò fi ní lẹ̀ mọ́, kí ẹ jẹ́ kó sun síta kó gbẹ pátápátá. Ẹ kíyè sí ohun tí a ń ṣe níbí o: omi ni a fi ń bó ohun tí wọ́n ní omi ló fi sílẹ̀! Ibi tí táńkì àti bátìrì ti ń fara kan ara wọn, igi òwú gbígbẹ ló tó. Kí omi má kan bátìrì rárá. Àwọn kan á ní kí ẹ fi sípírítì nù ún. Isopropyl ni wọ́n ń sọ nílùú òyìnbó. Sípírítì tí a ń rà ní kẹ́mísìtì wa, tí wọ́n fi ń pa ojú abẹ́rẹ́, wọ́n dìídì po májèlé mọ́ ọn kí ẹnikẹ́ni má bàa mu ún. Kó má dé ibi tí èéfín ń gbà rárá.

Ní ti kọ́ìlì, mo mọ̀ pé owó ni, mo sì mọ̀ pé àwọn kan ń sè é, pé àwọn kan ń rẹ ẹ́ sínú ọtí. Òwú tó ti jóná ti jóná. Ẹni tó ń fa á lójoojúmọ́ sábà máa ń lo ọ̀kan fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, lẹ́yìn náà kó pààrọ̀ rẹ̀. Kọ́ìlì tuntun, ẹ kán júùsì sí òwú rẹ̀, ẹ rọ́jú dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ó mu, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ fífà àkọ́kọ́ ni yóò jó o.

Àwọn tó kàwé á ti máa dúró dè mí pé àwọn dókítà ìlú ọba ló ní kò burú. Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tí wọ́n sọ. Ní 2015, àjọ ìlera gbogbogbòò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Public Health England, gbé ìṣirò kan jáde pé ewu fépù fi nǹkan bí ìdá 95 nínú 100 dín sí ti sìgá. Sìgá! Òun ni wọ́n gbé e kò, wọn kò gbé e kò omi. Ẹni tó ń mu páálí sìgá kan lóòjọ́, tó jáwọ́ níbẹ̀ tó wá ń fa fépù, mi ò bá a jà, ó ti bọ́ nínú ohun tó burú jù. Ọmọ ọdún 17 tí kò fọwọ́ kan sìgá rí, inú kí ni ó ti bọ́? Afẹ́fẹ́ lásán ló fi sílẹ̀ tó lọ sínú nikotíìnì. Ìṣirò wọn kò sì bá a wí.

Àwọn mìíràn sì wà, àwọn onímọ̀ọ́tótó, tí wọ́n á ní àwọn ń fọ tiwọn, àwọn ń pààrọ̀ kọ́ìlì lásìkò, nítorí náà tiwọn ti mọ́ bí omi. Àwọn wọ̀nyí ni ọ̀rọ̀ máa dùn jù. Ní 2018, àwọn oníwàádìí láti Yunifásítì Johns Hopkins ní Baltimore gba fépù lọ́wọ́ ènìyàn 56 tó ń lò ó lójoojúmọ́, wọ́n yẹ júùsì inú ìgò wò, wọ́n yẹ èéfín wò. Júùsì inú ìgò kò fi bẹ́ẹ̀ ní irin nínú. Inú èéfín ni wọ́n ti bá òjé, chromium àti nickel tó pọ̀ gan-an jù ú lọ. Ara wáyà ló ti ń wá. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé ó jọ pé àwọn tó ń pààrọ̀ kọ́ìlì léraléra ni tiwọn pọ̀ jù. Fífọ̀ ń kó ohun tó jóná kúrò. Irin tó ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ láti ara wáyà kò sí nínú ohun tí kànrìnkàn lè mú. Mo ṣì ní kí ẹ fọ̀ ọ́, nítorí acrolein kò ní í dúró de ìwádìí. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fọ̀ ọ́ tán kó wá sọ pé ó ti di omi.

Ti bátìrì kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Lithium ni, 195 ìgbà ni àjọ panápaná ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kà tí fépù gbaná tàbí bú gbàù láàárín 2009 sí 2016. Ṣájà tó bá a wá ni kí ẹ lò. Ẹ má fi í sábẹ́ ìrọ̀rí kí ẹ máa retí iná NEPA, ẹ má sì kó bátìrì tó dá wà pọ̀ mọ́ kọ́kọ́rọ́ àti owó ẹyọ.

Ibi tí irọ́ omi yìí ti rí ilé sí jù lọ ni fépù alàlòsọnù, èyí aláràbarà tí kò ṣeé tú, tí kò ṣeé fọ̀. Ẹni tó ń lò ó kì í rí òwú dúdú, kì í rí èépá. Bó bá ti korò, ó dà á nù, ó ra òmíràn. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fòfin de títà rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà 2025, nítorí ìdọ̀tí àti bátìrì tó ń dà sígboro. Ẹ má fi ọ̀bẹ la tiyín o, nítorí lithium tí mo wí. Ẹ gbé dígí kékeré kan, ẹ tú èéfín rẹ̀ sí i ní ìgbà mélòó kan, ẹ fi omi kan dígí kejì, kí ẹ fi àwọn méjèèjì sílẹ̀ di òwúrọ̀. Tí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ fi ìka fa ojú àwọn méjèèjì, kí ẹ wá bá mi jiyàn.