Máàkì 4.8 Ti Sọ Àlejò àti Onílé di Òpùrọ́

Bí onílé kan bá gba àlejò mẹ́wàá lọ́dún, tí méje fún un ní ìràwọ̀ márùn-ún, tí mẹ́ta yòókù fún un ní mẹ́rin, máàkì rẹ̀ yóò jẹ́ 4.7. Kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tó sọ pé ilé náà kò dára. Síbẹ̀, lórí Airbnb, ìkànnì tí àwọn èèyàn ti ń fi ilé wọn gba àlejò, 4.7 kò tó. Ẹni tó bá fẹ́ máa jẹ́ Superhost, ìyẹn onílé tó gba báàjì iyì, gbọ́dọ̀ ní 4.8. Àwọn mẹ́ta tí wọ́n rò pé àwọn ń yin onílé ti gba báàjì lára rẹ̀, wọn ò sì mọ̀ pé ibi ni àwọn ṣe é. Èmi ò ní kí wọ́n tún ètò yìí ṣe o. Kí wọ́n yọ ọ́ kúrò pátápátá ni mo wí. Kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ tí àlejò fọwọ́ ara rẹ̀ kọ sílẹ̀, kí wọ́n ju báàjì nù.

Fún ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é: ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́dún, ní ọjọ́ kìn-ín-ní Oṣù Kìn-ín-ní, Oṣù Kẹrin, Oṣù Keje àti Oṣù Kẹwàá, ni Airbnb ń yẹ ìwé onílé wò, ọjọ́ 365 tó ṣáájú ni wọ́n sì ń kà. Onílé gbọ́dọ̀ ti gba àlejò lẹ́ẹ̀mẹwàá ó kéré tán, tàbí lẹ́ẹ̀mẹta tí àpapọ̀ òru wọn pé 100. Ó gbọ́dọ̀ ti máa dá àwọn tó kọ̀wé sí i lóhùn, ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún wọn. Àdéhùn tí òun fúnra rẹ̀ yẹ̀ kò gbọdọ̀ pé ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni 4.8 wá dé. Ẹni tó bá yege, báàjì á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀. Ẹni tó ń wá ilé lè pinnu pé ilé àwọn Superhost nìkan lòun máa wò, bó bá sì ti pinnu bẹ́ẹ̀, gbogbo ilé yòókù ti pòórá lójú rẹ̀ nìyẹn. Ní Oṣù Kọkànlá ọdún 2023, wọ́n tún fi òmíràn lé e, wọ́n pè é ní Guest Favorites, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilé bíi mílíọ̀nù méjì káàkiri àgbáyé. Oúnjẹ ni wọ́n ń pín kiri yẹn. Ẹni tí kò bá rí tirẹ̀ gbà, yóò máa dín owó ilé kù títí ẹnì kan yóò fi ṣíjú wò ó.

Òfin yíyẹ àdéhùn yẹn ni kí ẹ tún wò dáadáa, torí ibẹ̀ ni ojúṣàájú fara pamọ́ sí. Orí orúkọ onílé ni wọ́n ti ń ka gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọn kì í kà á nílé-nílé. Ẹ jẹ́ ká ní ilé-iṣẹ́ ńlá kan ní fúláàtì ogójì ní Lẹ́kí, tó ń gba àlejò 2,000 lọ́dún. Ó lè já àlejò 19 kulẹ̀ kí báàjì rẹ̀ má mì. Opó tó ń gba ogójì àlejò lọ́dún ńkọ́? Bó bá yẹ àdéhùn lẹ́ẹ̀kan péré, torí tiransifọ́mà àdúgbò jó tàbí torí ẹ̀rọ omi bà jẹ́, ó ti di ìdá 2.5, ó ti ṣubú, àfi bí Airbnb bá gbà pé ìdí gidi ló fà á. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìràwọ̀. Àlejò oníbìínú kan tó fún ilé-iṣẹ́ ńlá ní ìràwọ̀ kan ṣoṣo ti sọ ẹyọ iyọ̀ sínú òkun. Kí ó fún ẹni tó ní àlejò mẹ́wàá, kí àwọn mẹ́sàn-án yòókù fún un ní márùn-ún, máàkì rẹ̀ di 4.6. Òfin kan náà ló de àwọn méjèèjì, àmọ́ ẹni kékeré ni okùn rẹ̀ ń fún lọ́rùn.

Mo mọ ìyá kan ní Yábàá tó ń fi yàrá méjì gba àlejò lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Àwọn ọmọ ti lọ sí Kánádà, ló bá tún yàrá wọn kùn. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń lọ aṣọ ibùsùn. Ó lẹ bébà kan mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó fi báírò kọ ọ́ gàdàgbà: ìgbà tí iná máa ń wá, ohun tí ínfátà lè gbé àti ohun tí kò lè gbé (ó fàlà sábẹ́ áyọ́ọ̀nù lẹ́ẹ̀mejì), àti pé kí wọ́n pe òun kí wọ́n tó tan gáàsì. Ọ̀dọ́kùnrin kan ti Manchester dé, ó lo ọ̀sẹ̀ kan. Mọ́mì ló ń pè é. Ó jẹ mọ́ínmọ́ín rẹ̀ láàárọ̀ Sátidé, ó dọ̀bálẹ̀ kó tó wọ mọ́tò lọ sí pápákọ̀ òfurufú. Nígbà tí máàkì máa dé lórí ìkànnì tí ìyá yìí ń lò, ìràwọ̀ mẹ́ta ni. Ìdí tó kọ sí i ni pé jẹnẹrétọ̀ ilé búrẹ́dì tó wà lódìkejì ọ̀nà kò jẹ́ kí òun sùn. Ìyá náà na fóònù sí mi. "Ìwọ wò ó, ṣé èmi ni mo ni ilé búrẹ́dì ni?"

Òótọ́ ni ọmọkùnrin náà sọ nípa ariwo. Ó yẹ kó kọ ọ́, kí ẹni tí oorun rẹ̀ bá fúyẹ́ lè gba ibòmíràn lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn wúlò. Ìràwọ̀ mẹ́ta tó so mọ́ ọn ni kò wúlò fún ẹ̀dá kankan: kò sọ ibi tí ariwo ti wá, kò sọ pé ilé mọ́ tónítóní, kò sọ pé obìnrin náà dìde láago mẹ́rin ìdájí láti ṣílẹ̀kùn fún un. Airbnb fúnra rẹ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ máa ń rí bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ya ìbéèrè nípa àdúgbò sọ́tọ̀ sí ti ìmọ́tótó àti ti bí onílé ṣe ń dáhùn, tó sì jẹ́ pé ìràwọ̀ àpapọ̀ nìkan ni wọ́n ń wò fún Superhost. Àmọ́ ẹni tí kò rí oorun sùn kì í ya ìbínú rẹ̀ sọ́tọ̀. Ọwọ́ kan náà ló fi ń tẹ gbogbo rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, ìyá yìí ti ń bẹ àlejò. Bí wọ́n bá ti gbé báàgì sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, á dì mọ́ wọn, á ní, "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, márùn-ún ni kó o tẹ̀ fún mi o." Àgbàlagbà tó ju ẹni àádọ́rin ọdún lọ ló ń bẹ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ọmọ Yorùbá wo ni yóò kọ̀ fún un? Ó dùn mí dọ́kàn, torí ibẹ̀ gan-an ni irọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Òfin Airbnb kò gbà kí onílé fi ẹ̀bùn ra ìràwọ̀, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ fi òfin de ẹ̀bẹ̀ ìyá àgbà? Ẹnu tó bá ti jẹ dòdò, kò lè sọ òdodo mọ́.

Kì í ṣe ní Yábàá nìkan o. Ní ọdún 2015, Georgios Zervas, Davide Proserpio àti John Byers ti Yunifásítì Boston kó máàkì Airbnb kárí ayé jọ, wọ́n rí i pé ilé bíi ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní ìràwọ̀ 4.5 tàbí 5. Èyí tó wà nísàlẹ̀ 3.5 kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí rárá. Lórí TripAdvisor, níbi tí àlejò kò ti bá olóhun jókòó jẹun, 3.8 ni ìpíndọ́gba máàkì àwọn òtẹ́ẹ̀lì nígbà náà. Ẹ wá sọ fún mi, ṣé gbogbo onílé ayé ló mọ iṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Ojú ló ń tini. Andrey Fradkin àti David Holtz náà ṣe ìwádìí kan pẹ̀lú Airbnb, tí wọ́n ti fi kúpọ́ọ̀nù tu àwọn àlejò kan lójú kí wọ́n tó kọ nǹkan. Ohun tí àwọn àlejò wọ̀nyí kọ korò ju ti àwọn tó fínnúfíndọ̀ kọ tiwọn lọ. Ìyẹn ni pé ẹni tí nǹkan dùn ló ń sọ̀rọ̀, ẹni tí kò dùn mọ́ ń gbé ẹnu dákẹ́, ó ń wọ mọ́tò rẹ̀ lọ. Lórí ìpìlẹ̀ yìí ni Airbnb wá fa ìlà tín-ín-rín kan sí, láàárín 4.7 àti 4.8, tí wọ́n ní apá ọ̀tún ni ẹni rere wà, apá òsì ni ẹni tí kò kúnjú òṣùwọ̀n wà. Ìlà yẹn kò dá ilé rere mọ̀ yàtọ̀ sí ilé burúkú. Ẹni tó mọ ẹ̀bẹ̀ ẹ́ bẹ̀ ló ń dá mọ̀. A kì í mọ̀ ọ́n gún, mọ̀ ọ́n tẹ̀, kí iyán ewùrà má lẹ́mọ. Ẹni tó bá ní ilé òun kò ní ẹ̀mọ rárá, irọ́ ló ń pa.

Àwọn kan yóò sọ pé báàjì ń mú onílé ṣiṣẹ́ kára. Iṣẹ́ wo? Mo ti rí ilé tí wọ́n gbé ṣinṣín àti wáìnì sórí tábìlì fún àlejò, tí ẹ̀rọ omi sì ń tú omi pupa jáde. Wáìnì ló ń mú ìràwọ̀ wá. Títún omi ṣe ló ń gba owó.

Àtakò tó lágbára ni ti àwọn ará wa lókè òkun. Wọ́n ní, "Mo wà ní Houston, mi ò mọ ẹnikẹ́ni ní Èkó mọ́. Àwọn gbájúẹ̀ ń fi fọ́tò ilé onílé sórí Instagram, wọ́n ń gba owó Oṣù Kejìlá, wọ́n ń sá lọ. Bí kò bá sí báàjì, báwo ni mo ṣe máa mọ ẹni tó ṣeé gbọ́kàn lé?" Ẹ̀rù yẹn tọ́, mi ò ní fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń mú kí àjèjì gbọ́kàn lé àjèjì ní ti gidi, torí àwọn èèyàn dúdú ni ọ̀rọ̀ yìí kọ́kọ́ jó lára.

Benjamin Edelman, Michael Luca àti Dan Svirsky fi orúkọ oríṣiríṣi kọ̀wé sí àwọn onílé Airbnb ní ìlú márùn-ún ní Amẹ́ríkà, Baltimore àti Los Angeles wà lára wọn. Orúkọ tó bá ti jọ ti aláwọ̀ dúdú, àyè kí onílé gbà á fi bíi ìdá 16 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti orúkọ òyìnbó. Lẹ́yìn wọn, Ruomeng Cui, Jun Li àti Dennis Zhang kọ̀wé sí onílé 1,801 bákan náà, wọ́n sì bá ìkórìíra yẹn pàdé: àlàfo ìdá 19.2 nínú ọgọ́rùn-ún ló wà láàárín dúdú àti funfun. Wọ́n wá fi àkọsílẹ̀ rere kan ṣoṣo sábẹ́ orúkọ àlejò, èyí tí onílé ìṣáájú kọ. Àlàfo náà pa rẹ́. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé àkọsílẹ̀ tí kò dùn pàápàá dín ìkórìíra kù. Kí àlejò máa yin ara rẹ̀ pé òun mọ́ tótó, pé òun jẹ́ ọlọ́yàyà, kò ràn án lọ́wọ́ rárá. Àlejò ni wọ́n dán wò níbẹ̀, kì í ṣe onílé, àmọ́ ohun tó wà nínú èèyàn ni wọ́n ṣí síta. Ẹ̀rí ẹni tó ti débẹ̀ rí ni ọkàn ń fẹ́, kódà bí ẹ̀rí náà kò bá dán. Kò sẹ́ni tó ń béèrè pé kó jẹ́ 4.8.

Ìkórìíra yẹn náà kì í kúrò nínú ìṣirò bí wọ́n bá sọ ọ́ di nọ́ńbà. Edelman àti Luca ti fi hàn ní 2014 pé ní New York, àwọn onílé tí kì í ṣe dúdú ń gba owó tó fi bíi ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti onílé dúdú lọ lórí irú ilé kan náà. Bí àlejò bá lè fi ojú fọ́tò nìkan sọ pé ilé ẹni dúdú kò tó iye yẹn, kí ló máa dá a dúró láti yọ ìràwọ̀ kan kúrò nígbà tó bá ń lọ? Bó bá kọ ọ́ lọ́rọ̀, a óò rí ohun tó wí, a óò lè jà á níyàn, onílé á sì lè fèsì sábẹ́ rẹ̀. Bó bá tẹ ìràwọ̀ mẹ́rin tó lọ, ta lo fẹ́ bá jà?

Ìdí rèé tí mo fi ń bẹ ẹ̀yin tó ń bọ̀ wálé ní Oṣù Kejìlá, yálà orí Airbnb lẹ ti fẹ́ gbalé ni o, tàbí lọ́wọ́ éjéǹtì lórí WhatsApp. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ fi ìràwọ̀ sílẹ̀ ná, kẹ́ ẹ kọ̀wé. Iná wá fún wákàtí mélòó? Ínfátà ha gbé fíríìjì mọ́jú? Àwọ̀ wo ni omi? Àtẹ̀gùn mélòó ni ìyá yín gùn kó tó dé yàrá? Ta ló dá yín lóhùn nígbà tí ilẹ̀kùn há, ó sì pẹ́ tó ìgbà wo? Bí mọ́ínmọ́ín ìyá dùn, ẹ kọ ọ́. Bí jẹnẹrétọ̀ ilé búrẹ́dì ń bú, ẹ kọ ìyẹn náà, kẹ́ ẹ sọ pé òdìkejì ọ̀nà ló wà. Bẹ́ ẹ bá sì ń wá ilé, ẹ má ṣe torí báàjì Superhost nìkan yan ilé. Oṣù àti ọdún wà lórí ohun tí àlejò kọ̀ọ̀kan kọ. Ẹ wá àwọn tó sùn ní Lẹ́kí ní Oṣù Kẹfà àti Oṣù Keje jáde, kẹ́ ẹ ka tiwọn ṣáájú ti gbogbo èèyàn, torí àwọn ni wọ́n mọ̀ bóyá omi òjò wọlé.