Páálí, Okùn àti Ẹ̀kọ́ Jẹ́ọ́mẹ́tírì

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá sọ́dọ̀ ẹ̀yin òbí àti olùkọ́ ní ọ̀sẹ̀ yìí jẹ mọ́ ẹ̀kọ́ kan tí àwọn ọmọ wa ń bẹ̀rù ju bí ó ti yẹ lọ, èyí ni Jẹ́ọ́mẹ́tírì, ẹ̀kọ́ nípa ìlà, igun àti títóbi ààyè. Kì í ṣe àlejò láàrin wa. Nígbà tí Ilé-Ẹ̀kọ́ Girama ti C.M.S. bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1859, tí Alúfàá Thomas Babington Macaulay, àna Àjàyí Crowther, ń kọ́ ọmọkùnrin mẹ́fà péré, Jẹ́ọ́mẹ́tírì wà nínú iṣẹ́ wọn pẹ̀lú èdè Látìnì àti Gíríìkì. Bárígà ni ilé-ẹ̀kọ́ náà wà láti ọdún 1959. Síbẹ̀, títí di òní, ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó ń ka ẹ̀kọ́ yìí lórí bí ẹni ń ka Katikísímù; bí a bá sì yí àwòrán onígun mẹ́ta dojú délẹ̀, wọn kò ní dá a mọ̀ mọ́. A kò lè dá wọn lẹ́bi. Ara pátákó nìkan ni wọ́n ti rí i, kò dé ọwọ́ wọn rí.

Ohun èlò kò wọ́n. Ilé ìtẹ̀wé pọ̀ ní Ṣómólú, àgékù páálí a sì máa wà lẹ́bàá ẹ̀rọ wọn. Kí àgbàlagbà lọ tọrọ rẹ̀; abẹ ẹ̀rọ wọ̀nyẹn mú ju ohun tí a lè rán ọmọdé sí.

Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gé onígun mẹ́ta kan, gbọọrọ tàbí kúkúrú, bí ó bá ti wù ú. Kí ó sàmì sí igun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ó ya wọ́n kúrò, kí ó sì to ṣóńṣó wọn pọ̀ sójú kan. Etí wọn yóò dúró gbọọrọ bí etí rúlà. Ogójì ọmọ, ogójì onígun mẹ́ta tí kò jọra, ìdáhùn kan ṣoṣo! Nígbà náà ni kí olùkọ́ tó dárúkọ 180 dígírì. Ariwo yóò sọ nínú kíláàsì. A bẹ̀bẹ̀ kí a má ṣe mú pàṣán nítorí rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n gé onígun mẹ́rin ọlọ́gbọọgba láti igun dé igun, kí wọ́n sì wá bí apá méjèèjì yóò ti di onígun mẹ́ta ńlá kan. Ẹ bi wọ́n léèrè èwo ni ó tóbi jù, ti ìṣáájú ni tàbí ti ìsinsìnyí. Ọmọ kékeré a máa yára tọ́ka sí èyí tí ó gùn. Ẹ má ṣe bá a wí. Ẹ ní kí ó dá páálí náà padà sí ipò rẹ̀, ojú ara rẹ̀ ni yóò dá a lẹ́jọ́. Irú eré yìí ni ti àwọn ará Ṣáínà, tí a gé onígun mẹ́rin kan sí ọ̀nà méje, tí ó sì tàn dé Yúróòpù ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún.

Èyí tí ó jẹ wá lógún jù ni eré okùn. Ẹ ta okùn ní kókó, kí àyíká rẹ̀ jẹ́ 36 ínṣì, ẹ sì gé páálí wẹ́wẹ́ tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ínṣì kọ̀ọ̀kan. Kí àwọn ọmọ fi okùn náà ṣe onígun mẹ́rin, kí a wo ẹni tí páálí rẹ̀ yóò pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹni tí ó ṣe 3 sí 15 yóò rí 45. Ẹni tí ó ṣe 6 sí 12 yóò rí 72. Ẹni tí ó ṣe 9 sí 9 yóò rí 81. Okùn kan náà ni!

Ẹ jẹ́ kí a gbé e dé orí ilẹ̀. Pulọ́ọ̀tì tí a ń pè ní 60 sí 120 ẹsẹ̀ bàtà, 360 ni àyíká rẹ̀. Èyí tí ó jẹ́ 30 sí 150, 360 náà ni. Ṣùgbọ́n ààyè ti ìṣáájú jẹ́ 7,200, ti èkejì jẹ́ 4,500. Ẹni tí ó gba èkejì ní owó ìṣáájú nítorí pé okùn tí ó yí wọn ká dọ́gba, ó ti pàdánù ààyè yàrá púpọ̀, kò sì sí ilé-ẹjọ́ tí yóò fi okùn náà gbà á padà fún un.

Àlọ́ ti àwọn ọmọ ilé nìyí: ẹ gé onígun mẹ́rin ọlọ́gbọọgba méjì tí ó dọ́gba láti igun dé igun, kí onígun mẹ́ta mẹ́rin jáde. Ẹ tò wọ́n di onígun mẹ́rin ọlọ́gbọọgba kan ṣoṣo, kí ọ̀kankan má ṣe ṣẹ́kù, kí àlàfo má sì sí. Bàbá àti ìyá kò gbọdọ̀ ràn wọ́n lọ́wọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú.