Ẹnu Èfẹ̀, Ẹnu Gáréèjì

Bí ọlọ́kadà zémidjan méjì bá ń du èrò kan ní gáréèjì Sàkẹ́tẹ́ ní Benin, èdè mẹ́ta ló máa ń bá ìjà náà dé. Ọ̀kan á ké pé, “Má jẹ́ n para fún ẹ o!”, ìyẹn ni pé kó má jẹ́ kí òun bínú. Èkejì á ní òun máa ya wèrè fún un. Èyí tó bá ti dé kọ́lẹ́ẹ̀jì nínú wọn á ní òun ti fẹ́ “péter les plombs”, ìyẹn ni pé ìbínú ti fẹ́ bo òun. “Para” ti Èkó bá fíìmù àti àwọn oníṣòwò gba ibodè Ìdí-Ìrókò wọlé, ọ̀rọ̀ Faransé bá àwọn ọmọléèwé wọlé, kò sì sí aṣọ́bodè tó yẹ ẹrù wọn wò. Nígbà tí Nàìjíríà ti ibodè orí ilẹ̀ rẹ̀ pa láti oṣù kẹjọ ọdún 2019 títí di oṣù kejìlá ọdún 2020, ìrẹsì há sọ́nà, ọ̀pẹ̀ òyìnbó jẹrà. “Para” ń kọjá ní tiẹ̀.

Ẹ má rò pé mo fẹ́ bá àwọn ọ̀dọ́ jà nítorí ọ̀rọ̀ àyálò. Ẹni tínú ń bí kì í ṣa ọ̀rọ̀ bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. Àwọn bàbá wa náà gbaná jẹ, wọ́n fapá jánú, wọ́n sì sọ ohun tí ìwé ìròyìn yìí kò ní tẹ̀ jáde. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni èyí tó máa ń tẹ̀ lé “para”. Kì í pẹ́ tí wọ́n fi ń dé orí ìyá: “Ìyá ẹ!” Láti ibẹ̀, ó di abẹ́ aṣọ ìyá. Ìyá tí wọ́n ń wí yìí sì wà ní Pobẹ̀ níbi tó ti ń pa ẹkùrọ́. Kò mọ èrò, kò mọ ọ̀kadà, kò gbọ́ iye tí wọ́n ń ná.

Kò yẹ kó jẹ́ ní ìlú tiwa la ti máa gbọ́ èyí. Ní Kétu, Pobẹ̀, Sàkẹ́tẹ́ àti káàkiri ilẹ̀ Nàgó, ìyẹn Yorùbá Benin, àwọn ìyá la ń jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ fún. Ọkùnrin á wé gèlè, á so ìdí àti ọmú igi mọ́ra, á fi ijó tu àwọn àgbà obìnrin lójú, nítorí agbára tó ń fúnni lọ́mọ lè gbà á padà. Àjọ UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní àṣà ajogúnbá lọ́dún 2001, ó sì wọ àkọsílẹ̀ wọn lọ́dún 2008 lórúkọ Benin, Nàìjíríà àti Togo. Ijó ọ̀sán ni àwọn àlejò máa ń yà ní fọ́tò. Òru tó ṣáájú rẹ̀ ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ wò, òru Èfẹ̀.

Ẹnu Èfẹ̀, ẹni tó ń kọrin lóru náà, kò mọ́ rárá. Ó ń kọrin nípa ẹni tó gba ìyàwó oníyàwó, ẹni tó ta ilẹ̀ kan náà fún èèyàn méjì, olóṣèlú tó jẹ owó ìlú, ó sì lè dárúkọ ohun tó wà lábẹ́ ṣòkòtò wọn láìfi bò. Ó máa ń ṣépè pàápàá. Àmọ́ kó tó bú ẹnikẹ́ni, ó ti júbà. Ó júbà òrìṣà, ó júbà àwọn tó ti lọ, ó júbà àwọn ìyá. Àṣẹ àwọn ìyá ló fi ń bú ọmọ wọn, ìdí nìyẹn tí ẹni tó bú kì í fi í bá a ṣẹjọ́ lọ́jọ́ kejì.

Ibi tí Èfẹ̀ ti ń kúnlẹ̀ ni ọmọ gáréèjì ti ń bẹ̀rẹ̀ èébú. Èyí tó tún ń dùn mí ni pé èébú rẹ̀ kò sọ nǹkan kan. Bẹ́ ẹ bá gbọ́ orin Èfẹ̀ tán, ẹ ti mọ ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀, ẹ mọ ilẹ̀ tí wọ́n tà àti àwọn tí wọ́n tà á fún. Bẹ́ ẹ bá gbọ́ “Ìyá ẹ, mo máa para” tán, ẹ kò lè mọ̀ bóyá ọgọ́rùn-ún sẹ́fà ni wọ́n ń jà lé tàbí ẹ̀mí èèyàn.

Ìbínú sì ti kúrò ní gáréèjì, ó ti wọ fóònù. Òfin 2017-20 tí Benin fi lélẹ̀ lórí ẹ̀rọ ayélujára ní oṣù kẹrin ọdún 2018 lè fi ẹni tó bá ránṣẹ́ halẹ̀ mọ́ èèyàn sẹ́wọ̀n oṣù kan sí ọdún méjì. Èmi ò gbà pé òfin yẹn ni oògùn rẹ̀. Òun ni wọ́n fi ju akọ̀ròyìn Ignace Sossou sẹ́wọ̀n ní oṣù kejìlá ọdún 2019. Sossou kò bú ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ tí agbẹjọ́rò ìjọba kan sọ ní gbangba ló gbé sórí Twitter, tí onítọ̀hún sì ní ọ̀rọ̀ òun kò rí bẹ́ẹ̀. Ó lo oṣù mẹ́fà kó tó jáde.

Kí ni yóò wá ṣẹlẹ̀ sí Èfẹ̀? Àwọn ọ̀dọ́ ti ń gbé fóònù sókè lójú agbo. Orin tí wọ́n kọ lóru ní ojúde Pobẹ̀ lè dé Cotonou, Èkó àti Paris kí ilẹ̀ tó mọ́, láìsí ìjúbà tó ṣáájú rẹ̀, torí ìṣẹ́jú tí èébú ti dùn jù ni wọ́n máa ń gé ránṣẹ́. Ì bá dára kí àwọn olórí ẹgbẹ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sọ ọ́ di èèwọ̀ láti gé orin kúrò lára ìjúbà rẹ̀, kí wọ́n sì ṣe é kí àwọn ọlọ́pàá tó bá wọn ṣe é. Lójú agbo, kò sẹ́ni tó ń pe Èfẹ̀ lẹ́jọ́. Lórí fóònù, orin rẹ̀ ti di iṣẹ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́, òfin 2017-20 sì lè mú un. Bí ẹni tí wọ́n fi kọrin bá gbé fóònù náà lọ sí ilé ẹjọ́ Pobẹ̀ lọ́jọ́ kan, ta ni adájọ́ máa ránṣẹ́ pè: Èfẹ̀, ọmọ tó ká ohùn rẹ̀ sílẹ̀, àbí àwọn ìyá?